"Oko Bàbá Wa Ni": Kí A Kọ Ìtàn Abà Sílẹ̀ Kí Ó Tó Di Ìjà

  

Ọ̀pọ̀ ìdílé Mùsùlùmí Yorùbá ni ó ní abà kan nínú oko, ìbáà jẹ́ Ìlọrin, Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì ni àwọn ọmọ wọn ń gbé báyìí. Ilé tí a fi amọ̀ mọ ni, páànù orí rẹ̀ ti dógùn-ún, ibi tí a ti ń sá kòkó sì wà níwájú rẹ̀. Bí a bá bi ọmọ ilé léèrè bí abà náà ṣe di tiwọn, èsì rẹ̀ kì í ju ẹyọ kan lọ: "Oko bàbá wa ni." Ọ̀rọ̀ yìí kò tó. Láti inú rẹ̀ ni ìjà ti ń yọ, láti inú rẹ̀ náà sì ni ènìyàn fi ń jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí púpọ̀ nínú àwọn abà wọ̀nyí ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun tú ká lójú ogun Kírìjì ní 1893, ọ̀pọ̀ jagunjagun Ìbàdàn fi ìbọn sílẹ̀, wọ́n mú àdá àti ọkọ́. Kòkó ni ọ̀pọ̀ wọn gbìn, orí ilẹ̀ ẹbí ni wọ́n sì gbìn ín sí. Nígbà tí ó yá, igbó ìtòsí ìlú ń tán lọ. Àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú, tí a rí ní Nàìjíríà ní 1944, tún mú kí ìjọba máa gé igi lulẹ̀ nínú oko àwọn àgbẹ̀. Àwọn mìíràn kó lọ sí igbó Ifẹ̀ àti ti Oǹdó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ra ilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gba igbó lọ́wọ́ onílẹ̀, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Igi kòkó jẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn.

Ìdógò tún wà. Àgbẹ̀ tí ìnáwó ká mọ́ a máa fi oko kòkó rẹ̀ dógò, ẹni tí ó yá a lówó a sì máa ká kòkó náà títí a ó fi san owó rẹ̀. Nínú àṣà wa, ohun tí a fi dógò kì í di ohun tí a tà, bó ti wù kí ó pẹ́ tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni méjèèjì bá ti kú, ta ni yóò sọ fún ọmọ pé oko tí òun bá lọ́wọ́ bàbá òun, ìdógò ni?

Ẹ wá rí i pé "oko bàbá wa" lè jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ó lè jẹ́ ilẹ̀ tí bàbá fi owó ara rẹ̀ rà, ó lè jẹ́ ilẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìdógò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń kọ́ mọ bí a ti ń pín ogún dáadáa, wọn a ka ìdá mẹ́jọ àti ìdá mẹ́fà bí ẹni mu omi. Ṣùgbọ́n kí a tó pín ogún, a ní láti mọ ohun tí ó jẹ́ ti òkú gan-an. Sūratu Nisāi, nínú aya 11 àti 12, fi yé wa pé lẹ́yìn gbèsè àti wàsíyà ni ogún tó kàn. Ẹni tí ó bá pín ilẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀, tàbí tí ó ta ìdógò, ohun olóhun ni ó fọwọ́ kàn. Ànábì sì ti kìlọ̀, nínú hádísì tí Bùhárì àti Múslímù gbà wá, pé ẹni tí ó bá fi àbòsí gba ilẹ̀ tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, a ó fi ilẹ̀ méje kọ́ ọ lọ́rùn ní Ọjọ́ Àjíǹde.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin náà ń bẹ níbẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé obìnrin kì í jogún oko. Aya 7 nínú Sūrah yẹn kan náà fún ọkùnrin àti obìnrin ní ìpín, ìbáà kéré, ìbáà pọ̀. Àwọn mìíràn di àṣà ìdí-igi mú, èyí tí a fi ń pín ogún ní iye ìyàwó tó bímọ. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún wa nígbà náà, èyí tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, fọwọ́ sí àṣà yìí ní 1962 nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé, lórí ogún ẹni tí ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Àlùkùránì kò pín in bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìyàwó ni yóò jọ pín ìdá mẹ́jọ, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò sì gba tirẹ̀: ìpín méjì fún ọkùnrin, ìpín kan fún obìnrin.

Kí ni àwọn ẹni ìṣáájú ṣe? Ilẹ̀ kan tẹ Sáyídínà Úmárù lọ́wọ́ ní Háíbárà, kò sì ní ohun tí ó níye lórí tó o rí. Ó gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ Ànábì. Ìmọ̀ràn náà ni pé kí ó di ilẹ̀ mú, kí ó sì fi èso rẹ̀ ṣe sàdákà: a kì yóò tà á, a kì yóò fi tọrẹ, a kì yóò sì jogún rẹ̀. Àwọn aláìní, àwọn ìbátan, àwọn arìnrìn-àjò àti àlejò wà lára àwọn tí ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹ tún gbọ́ èyí: Úmárù mú kí a kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí, Háfísátù ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó sì fi ṣe alámòójútó rẹ̀. Bí ẹni tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́ bá kọ ìtàn oko rẹ̀ sílẹ̀, kí ni àwa ń dúró dè?

Nítorí náà, nígbà tí ẹbí bá pé jọ fún Iléyá tó ń bọ̀, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ jókòó ti àgbà tí ó kù nílé. Ẹ bi í léèrè pé: Ta ni ó kọ́kọ́ dé abà náà? Lọ́wọ́ ta ni ó ti gba ilẹ̀? Ṣé a ń san ìṣákọ́lẹ̀, ta sì ni a ń san án fún? Níbo ni pèrègún ààlà wà, ta ni ó bá wa pààlà? Ta ni ó kọ́ ilé, ta ni ó gbin igi? Ṣé oko kan wà níta tí a fi dógò, àbí èyí tí àwọn ẹlòmíràn fi dógò lọ́dọ̀ wa? Kí àwọn ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀. Kí ẹ pe àwọn alábàáálà láti ṣe ẹlẹ́rìí, kí olúkúlùkù sì fọwọ́ sí i. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà, ṣùgbọ́n kò pa ẹ̀tọ́ ẹni tí ń dáko ní ìgbèríko rẹ́. Ẹ̀rí ni a ó fi gba ẹ̀tọ́ náà, àgbà tí ó sì mọ̀ ọ́n kì í wà láyé títí.

Bí ìwé náà bá fi hàn pé ohun kan kì í ṣe tiwa, ẹ jẹ́ kí a dá a padà fún olóhun. Kòkó tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn náà, bó ti wù kí ó kéré, halali ni àwọn ọmọ wa yóò jẹ.

Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn tí ó pa igbó náà fún wa, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí ilẹ̀ di ohun tí yóò ya ọmọ ìyá. Àámín.