Bí Òní Ti Rí, Ọ̀la Kì Í Rí Bẹ́ẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tó Ń Kọ Áàpù

Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìdajì òwe yìí ló wọ́pọ̀ lẹ́nu wa. Bí epo bá gbówó lérí, bí ọ̀rẹ́ bá yí padà, bí ìjọba bá gbé òfin tuntun dé, a ó mi orí, a ó ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, a ó sì dákẹ́ síbẹ̀, bí ẹni pé ìtùnú lásán ni òwe náà wá ṣe fún wa. Inú ìdajì kejì gan-an ni iṣẹ́ wà. Òwe yìí kò ní kí ẹnikẹ́ni káwọ́ lẹ́rán. Ó ní ẹnì kan wà tó mọ̀ pé ọ̀la yóò yàtọ̀, tó sì ti dá ọjọ́ tí yóò máa béèrè ohun tí ọ̀la náà gbé bọ̀.

Ìwọ̀ oòrùn Èkìtì yẹ fún irú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn ọba ibẹ̀ wà nínú ìtàn bí ikin Ifá ṣe dé ọwọ́ ọmọ aráyé. Nínú odù Ìwòrì Méjì, ọmọ mẹ́jọ ni Ọ̀rúnmìlà bí, gbogbo wọn ló sì jọba. Alárá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, Ajerò ló tẹ̀ lé e. Títí dòní, Alárá ni ọba Àrámọ̀kọ, Ajerò sì ni ọba Ìjerò. Nígbà tí Olówò, àbíkẹ́yìn wọn, kọ̀ láti foríbalẹ̀ fún bàbá, Ọ̀rúnmìlà bínú kúrò láyé, ayé sì dàrú. Àwọn ọmọ lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wálé, kò gbà. Ikin mẹ́rìndínlógún ló kó lé wọn lọ́wọ́, pé òun ni kí wọ́n máa bi léèrè bí ọ̀rọ̀ bá rú wọn lójú. Kò sí ìdáhùn kan tó lè tó wọn títí ayé. Nítorí náà, ohun tí wọn yóò fi máa béèrè ni bàbá fún wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ áàpù ni mo fẹ́ fi òwe yìí bá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan nínú wọn, kí a ní Àrámọ̀kọ ló ń gbé. Ní 2021, ó kọ áàpù kékeré kan fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó: ẹni tó dá owó, ẹni tó yá owó, iye tó kù lọ́rùn oníkálùkù. Áàpù náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, inú ìyá tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ ń dùn, ọmọ náà sì bọ́ sídìí iṣẹ́ mìíràn. Kò ṣí i wò mọ́ títí di 2024. Ìyá akápò ló pè é pé àwọn fẹ́ kí ó fi èlé orí owó yíyá kún un. Google Play kì í sì í gba àtúnṣe áàpù àtijọ́ bẹ́ẹ̀ lásán. Lọ́dọọdún, ní ìparí oṣù kẹjọ, wọ́n máa ń gbé ìpele Android tí áàpù gbọ́dọ̀ bá mu sókè. Ìpele 34 ni ti 2024. Ọmọ náà gba Android Studio tuntun sílẹ̀, ó sì ní kí kọ̀ǹpútà kó kóòdù rẹ̀ pọ̀ di áàpù tí fóònù lè gbé, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní build. Lẹ́tà pupa ló bo gbogbo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà: BUILD FAILED.

“Mi ò kúkú fọwọ́ kan nǹkan kan.” Ohun tí gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn, òótọ́ sì ni. Kóòdù rẹ̀ wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Àwọn ohun tí kóòdù náà gbẹ́kẹ̀ lé ni kò dúró dè é. Gradle ló ń darí build, orí Java ni Gradle fúnra rẹ̀ sì ti ń ṣiṣẹ́. Irinṣẹ́ kan láti ọ̀dọ̀ Google ló so Gradle mọ́ Android, lẹ́yìn rẹ̀ ni àìmọye kóòdù tí àwọn ẹlòmíràn kọ, tí áàpù náà ń yá lò. Ní oṣù kẹrin 2023, ẹ̀dà 8.0 irinṣẹ́ Google yẹn jáde. Ó ní dandan ni Java 17, dandan ni Gradle 8, ó sì ní orúkọ tí áàpù ń jẹ́ nínú fáìlì manifest gbọ́dọ̀ kó lọ sínú fáìlì build. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní oṣù kejì 2021, ilé iṣẹ́ JFrog ti kéde pé àwọn ń ti JCenter, ibi tí ọ̀pọ̀ áàpù Android ti ń kó kóòdù àyálò. Ẹni tó sùn ní 2021 tó jí ní 2024, ọjọ́ kan náà ni gbogbo ìwọ̀nyí já lù ú.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá náà kò bọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta 2016, ọkùnrin kan tí inú ń bí yọ àwọn kóòdù rẹ̀ kúrò nínú npm, ibi tí àwọn tó ń fi JavaScript ṣiṣẹ́ ti ń kó kóòdù. Ọ̀kan nínú wọn, left-pad, kò ju ìlà 11 lọ. Build dáwọ́ dúró kárí ayé, títí wọ́n fi dá ìlà 11 náà padà láàárín wákàtí mélòó kan.

Kí wá ni babaláwo inú òwe wa ń ṣe? Ó ń dífá. Kì í sì í yan ẹbọ kí odù tó hù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń ṣe yàtọ̀ sí èyí. Bí wọ́n bá ti rí lẹ́tà pupa, wọn a pa gbogbo ohun tí Gradle ti kó pamọ́ rẹ́, wọn a yọ Android Studio, wọn a tún un fi sí i, wọn a máa pààrọ̀ nọ́ńbà tí wọ́n rí níbi kan láìmọ ohun tó wà fún, títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí dátà á sì tán. Ẹbọ ni wọ́n ń rú láì tíì dífá.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ wá ibi tí Gradle kọ “What went wrong” sí, kí ẹ ka ìlà tó tẹ̀ lé e ní àkàyé. Bí ó bá jẹ́ “Unsupported class file major version 61” ni, nọ́ńbà yẹn kì í ṣe àdììtú. Gbogbo fáìlì tí Java bá ṣe ló ní àmì ẹ̀dà tó ṣe é: 52 ni ti Java 8, 55 ni ti Java 11, 61 ni ti Java 17. Ohun tó ń sọ ni pé Java 17 bá Gradle àtijọ́ tí kò mọ̀ ọ́n rí pàdé, nítorí láti ẹ̀dà 7.3 ni Gradle ti ń ṣiṣẹ́ lórí Java 17. Inú fáìlì gradle-wrapper.properties ni àtúnṣe rẹ̀ wà, lórí ìlà distributionUrl, níbi tí nọ́ńbà ẹ̀dà Gradle wà. Bí ó bá jẹ́ “Namespace not specified” ni, ìlà kan ṣoṣo tó ń sọ orúkọ áàpù ló kù tí ẹ ó kọ sínú fáìlì build. Bí ó bá ní Java 17 lòun ń fẹ́ ṣùgbọ́n Java 11 lẹ ń lò, ẹ lọ yan Java mìíràn nínú ètò Android Studio. Àìsàn mẹ́ta nìyẹn, oògùn wọn kò sì jọra. Bí ẹ bá ṣe ọ̀kan tán tí àṣìṣe mìíràn yọjú, ẹ má bara jẹ́. Ti àkọ́kọ́ ti lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nínú òwe náà, òun ni mo rò pé ó wúwo jù: ọrọọrún. Babaláwo kì í dúró kí ilé dàrú kí ó tó gbé ọpọ́n kalẹ̀. Ó ní ọjọ́ tó dá, bí ara le, bí kò le. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èdè Python: ẹ̀dà kẹta rẹ̀ jáde ní oṣù kejìlá 2008, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2020 ni àwọn tó ni ín sì tó dáwọ́ ìtọ́jú ẹ̀dà kejì dúró. Ìkìlọ̀ ọdún 11 nìyẹn, síbẹ̀ ó bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lójijì, nítorí wọn kò dá ọjọ́ ìbéèrè kankan.

Ẹ dá ọjọ́ kan lóṣù. Ní ọjọ́ náà, ẹ ṣí gbogbo áàpù yín tí ènìyàn ṣì ń lò, kí ẹ ṣe build rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà tó ń ṣiṣẹ́ pamọ́ sínú Git kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ ka ohun tí àwọn tó ṣe irinṣẹ́ kọ nípa ẹ̀dà tuntun wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé wọn ga ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: Gradle, kí ẹ ṣe build, irinṣẹ́ Google, kí ẹ tún ṣe build, kóòdù àyálò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ ó mọ ẹni tó bà á jẹ́. Ẹni tó gbé gbogbo rẹ̀ ga lẹ́ẹ̀kan náà, odù mẹ́fà ló hù fún un pọ̀, kò sì mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ kà.

Mo mọ ohun tí ará Ẹ̀fọ̀n tàbí Ìjerò yóò sọ: iná ńkọ́, dátà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Android Studio nìkan ju gígábáìtì kan lọ. Ní 2020, ìjọba Èkìtì dín owó tí àwọn tó ń ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ ń san kù láti ₦4,500 sí ₦145 lórí mítà kan; ìgbésẹ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó wà lábúlé ṣì ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà. Àìsí dátà gan-an ló sọ ọrọọrún di dandan. Àtúnṣe kékeré kì í jẹ dátà bíi ti ọdún mẹ́ta tó ṣù pọ̀. Gradle máa ń fi ohun tó bá gbà sílẹ̀ pamọ́, ẹ sì lè fi àṣẹ --offline ṣe build láì lo dátà rárá. Bí ẹni mẹ́ta bá wà ní ìlú kan, kí ẹnì kan gba fáìlì Gradle sílẹ̀, kí àwọn yòókù fi fláàṣì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní kóòdù, ẹ̀yin ni mo fi èyí lé lọ́wọ́. Bí a ti ń kọ áàpù tuntun ni à ń kọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn bí a ti ń tọ́jú èyí tó ti wà nílẹ̀. Owó àgbẹ̀ ló wà nínú áàpù ẹgbẹ́ yẹn, àti òógùn ojú wọn. Ẹni tó bá gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú, kí ó dá ọjọ́ ìbéèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fi áàpù náà lé wọn lọ́wọ́, kí ó sì má ṣe yẹ̀ ẹ́.