Ta Ni Yóò Gbẹnu Sọ fún Ìjọba Ìbílẹ̀?

Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, ìjọba àpapọ̀ ni olùpẹjọ́, ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógójì sì ni olùjẹ́jọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n kò sí lọ́wọ́ ọ̀tún, wọn kò sí lọ́wọ́ òsì. Lateef Fágbèmí, agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àpapọ̀, ló bá wọn pẹjọ́. Kì í ṣe pé wọ́n sùn. Ìwé òfin wa ló fi àyè sílẹ̀ kí aáwọ̀ ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú ìpínlẹ̀, tàbí ti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, lọ tààrà sí ilé ẹjọ́ yẹn, kò sì ka ìjọba ìbílẹ̀ mọ́ wọn. Káńsù tó bá fẹ́ débẹ̀, ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ìjọba tó sún mọ́ aráàlú jù lọ bá wá ní ohun tó ń dùn ún, ẹnu ta ni kó gbà sọ ọ́ fún àwọn tó wà lókè? Ẹnu gómìnà ni, àbí ẹnu ara rẹ̀? Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí títí, ohun tí mo sì rí ni pé apá méjèèjì ló lóòótọ́ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn gómìnà, nítorí àwọn ni wọn kì í sábà fetí sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Bọ́lá Ahmed Tinúbú jẹ́ gómìnà Èkó, ìpínlẹ̀ náà dá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun 37 sílẹ̀ kún 20 tó wà nínú ìwé òfin. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní kò bófin mu, ó sì pàṣẹ ní 2004 pé kí wọ́n dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Ká ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Agége nìkan ló ní láti lọ kojú Àbújá lọ́dún náà, ta ni ì bá dá wọn lóhùn? Ìpínlẹ̀ Èkó ló gbé ẹjọ́ náà lọ sókè, òun ló sì ní owó tó ń pa wọlé fúnra rẹ̀ láti fi dúró nígbà tí ti òkè kò wá mọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2004 kan náà, ilé ẹjọ́ sọ pé ààrẹ kò ní agbára láti dá owó náà dúró. Ó sọ pẹ̀lú pé ìdásílẹ̀ 37 náà kò tíì pé, àfi tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àpapọ̀ bá ṣe iṣẹ́ tiwọn lórí rẹ̀. Síbẹ̀, owó kò jáde àfìgbà tí Umaru Yar'Adua gorí àlééfà ní 2007. Bí ìpínlẹ̀ tó lówó tó Èkó bá lè jàre ní kóòtù, kó sì tún fi ọdún mẹ́ta dúró de owó, kí ni káńsù kan ṣoṣo ì bá ṣe?

Ohun kejì tí wọ́n ń sọ ni owó oṣù àwọn olùkọ́. Àwọn tó bá káńsù ṣiṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1990 kò lè gbàgbé ohun tí wọ́n ń pè ní “zero allocation”. Wọ́n á ti yọ owó olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ látòkè, nígbà tí ìyókù bá sì máa dé ọ̀dọ̀ àwọn káńsù kan, òfo ni. Bí a bá da owó gbogbo káńsù pọ̀ sójú kan, èyí tí olùkọ́ rẹ̀ pọ̀ ju owó rẹ̀ lọ á rí ẹni gbé e ró. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT, fúnra wọn ti kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò fẹ́ kí owó oṣù àwọn wà lọ́wọ́ káńsù nìkan. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe àsọdùn. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí láìgba owó oṣù nítorí pé “kò sí owó láti òkè” mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọ̀rọ̀ kẹta wà tí mo rò pé ó wúwo ju méjèèjì lọ. Bí owó bá ń ti Àbújá bọ̀ tààrà, Àbújá ni yóò máa di okùn rẹ̀ mú. Ní Ọ̀ṣun ní 2025, àwọn alága tí wọ́n dìbò yàn ní 2022 àti àwọn tí wọ́n dìbò yàn ní oṣù Kejì 2025 jọ ń du àga kan náà, owó ìjọba ìbílẹ̀ 30 tó wà níbẹ̀ sì há sí òkè. Òṣìṣẹ́ káńsù tí kò mọ nǹkan kan nípa ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú ló jìyà rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá gbọ́ ti apá kejì. Ìwé òfin 1999 ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àsùnwọ̀n àjọni kan tí owó ìjọba ìbílẹ̀ yóò máa gbà kọjá, kí ìpínlẹ̀ sì fi ìdá kan nínú owó tirẹ̀ kún un. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí wọ́n bá ń pín láti àpò àpapọ̀, náírà 20 àti kọ́bọ̀ 60 ni ti ìjọba ìbílẹ̀. Ojú ọ̀nà ni àsùnwọ̀n yìí ì bá jẹ́, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀ ni owó ń wọlé sí tí kò jáde mọ́. Ẹ lọ wo ojú pópó àdúgbò yín, ẹ wo ọjà, ẹ wo ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní abúlé.

Alága tó bá sì ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ní Èkìtì, Káyọ̀dé Fáyẹmí tú àwọn alága ká ní 2010. Ọdún 2016 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó sọ pé kò tọ́. Ní Ọ̀yọ́, Ṣèyí Mákindé tú wọn ká ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2019, ọjọ́ tó gba ìjọba gan-an. Àwọn alága náà kò gbà, wọ́n bá ẹjọ́ náà lọ títí dé òkè, wọ́n sì jàre ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 2021. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta tí aráàlú yàn wọ́n fún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nígbà náà. Owó oṣù àti àjẹmọ́nú ni ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san fún wọn. Àsìkò tí wọn ì bá fi ṣiṣẹ́ ti lọ.

Ẹ tún wo ìbò. Ní Ògùn ní oṣù Kọkànlá 2024, ẹgbẹ́ gómìnà ló gba gbogbo àga 20. Ní Oǹdó ní oṣù Kìíní 2025, gbogbo 18 ni. Ní Ọ̀ṣun ní oṣù kejì rẹ̀, gbogbo 30. Ní Èkó ní oṣù Keje, gbogbo 57. APC ni ní ibì kan, PDP ni ní ibòmíràn, èsì ò yàtọ̀. Àjọ elétò ìdìbò tí gómìnà yan àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń ṣètò rẹ̀. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Àwọn alága wa mọ ẹni tó rán wọn.

Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí ohùn NULGE, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, fi máa ń le ju ti ALGON, ẹgbẹ́ àwọn alága, lọ. Òṣìṣẹ́ ló dìbò yan olórí NULGE, gómìnà kò sì lè fi lẹ́tà kan lé e lọ. Àwọn alága náà ń béèrè òmìnira nígbà tí wọ́n bá pé jọ ní Àbújá, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá padà sílé, ó ṣòro kí a rí èyí tí yóò dárúkọ gómìnà tirẹ̀. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àpapọ̀ fọwọ́ sí àtúnṣe òfin lórí òmìnira wọn ní 2022. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 ni ó yẹ kó gbà á wọlé, wọn kò pé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀.

Gúúsù Áfíríkà gba ọ̀nà mìíràn. Ìwé òfin wọn ti 1996 gbà kí ẹgbẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, SALGA, rán àwọn aṣojú tí kò ju mẹ́wàá lọ láti jókòó nínú ilé aṣòfin kejì. Wọn kò lè dìbò níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè dìde sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, níbi ìpàdé FAAC tí wọ́n ti ń pín owó lóṣooṣù ní Àbújá, kọmíṣánnà ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àga. Ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ń bá pín owó rẹ̀ kò ní.

Ní tèmi, kí owó lọ tààrà ló dára jù, àní pẹ̀lú gbogbo ewu tí mo kà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òfin kọ́kọ́ yọ owó oṣù olùkọ́ àti ti òṣìṣẹ́ ìlera sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè fọwọ́ kàn án, ìbáà ṣe alága tàbí gómìnà. Kí ìpínlẹ̀ sì ṣì máa dúró ti àwọn káńsù rẹ̀ nígbà tí Àbújá bá ṣi agbára lò, bí Èkó ti ṣe. Ohun tí ìdájọ́ 2024 kò lè fún wọn ni àtisọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù, nítorí ìbò tó kẹ́sẹ járí nìkan ló ń fúnni ní ìyẹn. Ọdún kan lẹ́yìn ìdájọ́ náà, owó ọ̀pọ̀ káńsù ṣì ń gba ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọjá, àwọn alága wọn kò sì pariwo.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ má fi ọjọ́ ìbò káńsù ṣe ọjọ́ oorun. Láti 2004, nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iye tó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde fún aráàlú. Ẹ wá iye tó kan tiyín, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ alága yín pé èló nínú rẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.