Òkú Bátìrì àti Òfin Tí Kò Ní Eyín

Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ilé kan ní Èbúté Ìkòròdú lónìí tí kò ní bátìrì nínú. Ó ń bẹ nínú tọ́ọ̀ṣì àti rédíò. Ó ń bẹ nínú ọkọ̀ tí a gbé sí ẹ̀yìnkùlé. Èyí tí ó tóbi jù sì ń bẹ ní kọ̀rọ̀ yàrá, tí ń fún wa ní iná nígbà tí wọ́n bá mú iná ìjọba lọ. Nígbà tí ó wà láàyè, gbogbo wa ni a mọ ẹni tí ó ni ín. Bí ó bá kú, kò ní olówó mọ́. Lórí òkú rẹ̀ yìí ni mo fẹ́ bá àwọn kan jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀. Ohun tí ó ju ìdajì ìwọ̀n bátìrì ọkọ̀ lọ jẹ́ òjé, omi bátìrì sì ń bẹ pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí í ṣe ásíìdì tí ń jẹ aṣọ àti ara. Òjé kò ní iṣẹ́ kankan tí ó ń ṣe fún ara ènìyàn. Bí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, a máa sá pamọ́ sínú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ọmọdé, ọpọlọ ni í máa ń bà jẹ́, tí ọmọ tí ì bá mọ ìwé yóò fi di ẹni tí kò lè fi ọkàn sí ohun kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí pé kò sí ìwọ̀n òjé nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. (Olùkọ́ mélòó ni yóò ti na irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí yóò ní ọ̀lẹ ni?) Bátìrì kékeré pàápàá kò mọ́ lọ́wọ́. Ní ayé pátákó dúdú, àwọn ọmọ ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé a máa fọ́ òkú bátìrì tọ́ọ̀ṣì, wọn a po èédú inú rẹ̀ mọ́ ewé, wọn a sì fi ọwọ́ lásán kùn ún sí pátákó. Bẹ́ẹ̀ mẹ́kúrì ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ bátìrì ìgbà náà.

Àwọn kan ní kí a fi àwọn ọmọ tí ń ti ọmọlàńkẹ́ kiri láti ra àlòkù bátìrì sílẹ̀, nítorí oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá. Àwọn mìíràn ní kí a kó gbogbo wọn sí àtìmọ́lé. Àwọn ti ìṣáájú ń ṣàánú ẹni tí ń gbé májèlé fún ara rẹ̀. Àwọn ti ìkejì ní tiwọn fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Níbo ni ọmọlàńkẹ́ náà ń kó ẹrù rẹ̀ lọ?

Ẹ gba ọ̀nà Ṣágámù láti Ìkòròdú, ẹ ó dé Ògíjó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń yọ́ òjé bátìrì. Ní ọdún 2025, ìwé ìròyìn New York Times àti The Examination mú kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ 70 ènìyàn wò ní agbègbè náà, nínú àwọn tí ń gbé ibẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́. Nínú ènìyàn mẹ́wàá, méje ni òjé ti pọ̀ débi ewu nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àwọn ọmọdé sì wà lára wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ ti àwọn iléeṣẹ́ kan pa. Àwọn oníròyìn wọ̀nyí sọ pé kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí iṣẹ́ fi tún bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé òjé kì í pani. Ní Thiaroye-sur-Mer, létí Dakar ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, ní àdúgbò tí àwọn ènìyàn ti ń wá òjé bátìrì nínú iyanrìn, ọmọdé 18 ni ó kú láàárín ìparí ọdún 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008.

Nàìjíríà kò ṣe aláìní òfin. A dá àjọ NESREA sílẹ̀ ní ọdún 2007 láti máa ṣọ́ àyíká, òfin ìṣàkóso bátìrì sì jáde ní ọdún 2024, tí ó gbé ẹrù kíkó òkú bátìrì lé ọrùn àwọn tí ń ṣe é àti àwọn tí ń kó o wọ̀lú. Òfin náà dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ìyálé ilé tí bátìrì rẹ̀ kú yóò tà á fún ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù. Ẹni tí ń da omi bátìrì sí ilẹ̀, tí ń fi àáké la páálí rẹ̀, kò ná owó kankan lórí ààbò. Nítorí náà ó lè san ju ẹni tí ń ṣe é bí ó ti tọ́ lọ. Bí òfin kò bá mú ọ̀ràn owó yìí, pàbó ni yóò já sí.

Ní Yúróòpù, òfin ní kí àwọn tí ń ta bátìrì kéékèèké máa gba òkú rẹ̀ padà láìgba owó. Kí tiwa ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí ẹni tí ó bá ra bátìrì tuntun san owó kan lé e, tí ó tó kí ojú ro ó, tí yóò sì gbà padà ní ọjọ́ tí ó bá gbé òkú rẹ̀ wá. Àwọn oníṣòwò yóò kígbe pé ọjà yóò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò wọ́n díẹ̀. Ta ni ń san owó náà nísinsìnyí, bí kò ṣe àwọn ọmọ Ògíjó? Ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú kò sì gbọdọ̀ máa dúró de Àbújá. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti etí ọ̀sà ní Èbúté: ṣọ́ọ̀bù bátìrì tí kò bá ní ibi gbígba òkú bátìrì, kí a má ṣe sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ di ọ̀tun ní ọdún tí ń bọ̀.