Ojú Inú Akẹ́kọ̀ọ́ Kàrátè

Bí a ti ń ṣe àjọ̀dún ilé-ìwé wa, mo gbọ́ pé àwọn òbí kan fẹ́ yọ ọmọ wọn kúrò nínú ẹgbẹ́ kàrátè, nítorí pé olùkọ́ máa ń ní kí wọ́n dijú kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó jọ ìbọ̀rìṣà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ojú inú ni ọmọ náà fi ń wo ìjà tí kò tíì dé. Gichin Funakoshi, ẹni tí ó ti Okinawa wá ṣe àfihàn kàrátè ní Tokyo, ní ilẹ̀ Jàpáànù, ní ọdún 1922, olùkọ́ ilé-ìwé ni. Nínú kátà tí ó fi kọ́ni, kò sí alátakò níwájú ẹni. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò rí i lọ́kàn: ibi tí ẹ̀ṣẹ́ ti ń bọ̀, àti apá tí òun yóò fi gbà á. Ẹni tí kò bá rí i, ijó lásán ni ó ń jó.

Dáfídì náà rántí kìnnìún àti béárì tí ó ti pa kí ó tó kojú Gòláyátì.

Síbẹ̀, ìrònú kò lè rọ́pò òógùn. Ọmọ tí kò bá tíì fi ara ṣe é léraléra kò ní ohun tí yóò rí nígbà tí ó bá dijú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́kọ́ wá wo ìdánrawò kan. Ọmọ tí ó mọ bí a ti í fi ọkàn balẹ̀ wo ohun tí ń bọ̀ yóò lò ó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò pẹ̀lú.