Okùn Tí Kì Í Jẹ́ Okùn

Ní agbègbè Tchaourou níhìn-ín, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn ìyá àgbà kì í pe ejò lórúkọ. Okùn ni wọ́n ń pè é. A ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi wọ́n ṣe ẹ̀rín, pé àìkàwé ló fà á. Ẹ jẹ́ kí á mú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí dé etíkun, kí wọ́n gbọ́ èdè àwọn atukọ̀ Faransé.

Nínú ọkọ̀ ojú omi Faransé, okùn gan-an ni èèwọ̀. Okùn kún inú ọkọ̀, àgàgà nígbà tí ìgbòkun ń gbé e rìn, síbẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ló ń jẹ́ corde: èyí tí wọ́n fi ń lu agogo. Drisse ni wọ́n fi ń fa ìgbòkun sókè, écoute ni wọ́n fi ń darí rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń fẹ́, amarre ló ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté. Èyí tí kò ní iṣẹ́ pàtó ni bout, tí wọ́n sì ń pe t ìparí rẹ̀ ketekete. (Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pè é bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì wa, a óò tún un ṣe fún un!)

Àwọn kan ní torí pé okùn ni wọ́n fi ń so ọlọ̀tẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe ń sá fún orúkọ náà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, ìdí mìíràn ló wúwo jù. Bí ìjì bá dé lóru, tí ọ̀gá ọkọ̀ kígbe pé “Fa okùn!”, èwo nínú gbogbo wọn ni kí wọ́n fà? Àṣìfà kan lè dojú ọkọ̀ dé. Àwa náà kì í ṣáà pe ohun tí ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ ní okùn, igbà ni. Ìyá kì í sì í fi okùn pọn ọmọ, ọ̀já ni.

Ti ehoro ló ya ni lẹ́nu. Lapin kò ṣeé dárúkọ nínú ọkọ̀. “Ẹranko elétí gígùn” ni wọ́n ń pè é, torí wọ́n ní ehoro tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ láyé àtijọ́ a máa jẹ okùn ẹrù já. Títí di òní, ọ̀pọ̀ atukọ̀ tó kàwé dáadáa, tó ń fi ẹ̀rọ wá ọ̀nà lójú òkun, ṣì ń sá fún orúkọ ehoro. Ìyá àgbà tí ejò lè bù ṣán lójú ọ̀nà balùwẹ̀ ni a wá ń pè ní aláìmọ̀kan?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè: orúkọ wo ni ọdẹ tó ń rìn létí odò Ọ̀kpàrá kì í dá lóru? Kí ló fi ń rọ́pò rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A óò tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé yìí.