Ta Ni Ó Ní Kí Tọkọtaya Àgbà Má Rin Ìrìn Àjò?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ọmọdé nìkan kọ́ ni òwe náà ń bá wí. Àgbàlagbà tí ó fi ọgbọ̀n ọdún ti Òkokomáíkò lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó sì ń wọlé nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, oko baba mélòó ni òun náà dé?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa ní Ìbà ni ó mú mi béèrè. Tọkọtaya kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tíṣà àti Ìyá Nọ́ọ̀sì. Àwọn méjèèjì ti fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ Ajé kan, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé ayálégbé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì gbé àpò méjì lọ wọkọ̀ ní Òkokomáíkò. Ọjọ́ mọ́kànlá ni a kò fi rí wọn. Wọn kò lọ síbi òkú, wọn kò lọ síbi ìgbéyàwó, ọmọ wọn kankan kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìlú ni wọ́n lọ wò.

Kí wọ́n tó dé, ọ̀rọ̀ ti kún ilẹ̀. Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi sọ nídìí ayò pé àṣà òyìnbó ni. Pé àgbà kì í fi ilé sílẹ̀ láìnídìí, áḿbọ̀sìbọ́sí kí ọkọ àti aya jọ fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ta ni yóò dá ẹni tí ó bá wá kí wọn lóhùn?" Bẹ́ẹ̀ ni bàbá wí, kò sì sí ẹni tí ó dá a lóhùn.

Òyìnbó ń ṣe é lóòótọ́. Ní Ọsirélíà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó máa ń so ilé kékeré onítáyà mọ́ ìdí ọkọ̀ wọn, tí tọkọtaya yóò sì fi oṣù mélòó kan la ilẹ̀ gbígbẹ kọjá láti ìlú kékeré kan dé òmíràn. Orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ fún wọn túmọ̀ sí alárìnkiri onírun ewú. Wọn a dé ibi bíi Coober Pedy, níbi tí ooru ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbẹ́ ilé sínú ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé. Àwọn ìlú kan a tilẹ̀ fún wọn ní àyè ìsùn lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè ra búrẹ́dì àti epo ọkọ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣé ọ̀dọ̀ wọn ni a ti kọ́ ìrìn? Kí ọ̀nà ọlọ́dà Èkó sí Àgbádárìgì tó wà, ọ̀sà ni ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú omi ń ti Òjó lọ sí Àgbádárìgì, a sì máa gba orí omi dé Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ọkọ ń pẹja, aya ń yan án, ó ń gbé e lọ sọ́jà. Ilé ta ni wọ́n ń sùn lọ́nà? Ilé ojúlùmọ̀ tí ó ti di ilé ẹbí. Òyìnbó ń fa ilé tirẹ̀ lẹ́yìn nítorí pé kò ní ìyekan nínú ilẹ̀ gbígbẹ yẹn. Àwa a máa bá ilé níwájú. (Mo gbà pé ilé náà ti ń há. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti fi yàrá àlejò gba owó ilé.)

Ohun tí ó ń dùn mí nìyí. Ìyá kò tíì gba owó ìfẹ̀yìntì tí ọmọ ti fi ìwé ọkọ̀ òfuurufú ránṣẹ́ pé kí ó wá wẹ ọmọ tuntun. Àṣà rere ni wíwẹ ọmọ, èmi kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta a di ọdún méjì, ọmọ kejì a dé kí àkọ́kọ́ tó rìn, bàbá a sì ku òun nìkan nílé pẹ̀lú rédíò, tí yóò máa bu gàárì mu. Tọkọtaya tí iṣẹ́ ìjọba ti yà nípa fún ọgbọ̀n ọdún, àwọn ọmọ tún wá yà wọ́n. Òfin ọdún 2022 sì ti gba àwọn olùkọ́ láàyè láti ṣiṣẹ́ títí wọn yóò fi pé ọmọ ọdún 65 tàbí lo 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Agbára wo ni yóò ṣẹ́ kù fún ìrìn tí a bá tún sún un síwájú?

Bàbá Tíṣà sọ fún mi pé ìpè irú bẹ́ẹ̀ ni ó wọlé tí òun fi wí fún ìyàwó òun pé, "Ìyá àwọn ọmọ, bí o bá lọ báyìí, ìgbà wo ni èmi àti ìwọ yóò dé Kétu tí o ń wí láti ọjọ́ yìí?"

Àgbádárìgì ni wọ́n kọ́kọ́ sùn. Bàbá Tíṣà, tí ó fi ọdún 33 kọ́ àwọn ọmọ pé ibẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, tí wọ́n parí ní 1845, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Wọ́n gba Sèmè kọjá. Àdéhùn ọdún 1979 láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fún ọmọ Nàìjíríà ní 90 ọjọ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láìgba físà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó dá okùn sójú ọ̀nà kò rántí rẹ̀ dáadáa. Láti Àjàṣẹ́, wọ́n gba Ṣakẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀ lọ.

Kétu ni Ìyá Nọ́ọ̀sì ń lé. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni ìyá tí ó bí i, abẹ́ Kétu sì ni Ìmẹ̀kọ wà kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó fa ààlà sáàárín wọn ní 1889. Láti kékeré ni ó ti ń gbọ́ orúkọ agbo ilé kan lẹ́nu ìyá rẹ̀. Wọ́n wọ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú tí ogun Dàhòmì kó ní 1886, ó sì dárúkọ agbo ilé náà. Wọ́n mú un dé ibẹ̀. Ìyá arúgbó kan bi í léèrè orúkọ ìyá rẹ̀, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì kí i, oríkì tí kò gbọ́ mọ́ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ọdún 38 ni Bàbá Tíṣà fi jẹ́ ọkọ rẹ̀. Kò gbọ́ oríkì yẹn rí.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ti lọ wẹ ọmọ náà báyìí. Oṣù mẹ́ta ni ó dá, ó sì ti sọ ọjọ́ tí yóò padà kí ó tó wọkọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, bàbá tí ó sọ̀rọ̀ nídìí ayò wá bá mi lálẹ́. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ìjókòó ọkọ̀ tí ń lọ sí Kétu le púpọ̀, nítorí orúnkún ìyàwó òun.