Linux fún Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba: Ìpè sí Àwọn Ìpínlẹ̀ Ilẹ̀ Yorùbá

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft parí ìtọ́jú Windows 10, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìgbà díẹ̀, láti ìgbà náà sì ni àìmọye kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ara wọn ṣì le ti ń ṣiṣẹ́ láìsí àtúnṣe ààbò, ìyẹn àwọn àtúnṣe tó máa ń dí ihò tí olè ayélujára lè gbà wọlé. Windows 11 tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ kò gbà wọ́n: ó ń béèrè RAM 4 GB ó kéré tán, ààyè ìpamọ́ 64 GB, àti TPM 2.0, tí í ṣe ẹ̀yà kan nínú ẹ̀rọ tó ń pa kọ́kọ́rọ́ àṣírí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni prósẹ́sọ̀ Intel, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bó bá ti ṣáájú ìran kẹjọ ti ọdún 2017, ó ṣọ̀wọ́n kó wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó tẹ́wọ́ gbà. Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nílẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, ẹ̀rọ tí ọ́fíìsì òkè òkun ti lò gbó díẹ̀ kó tó dé ọjà Computer Village ní Ìkẹjà. Kí ìjọba ra tuntun káàkiri, owó gọbọi ni. Kí wọ́n sì máa fi Windows tí kò ní olùtọ́jú, tàbí ayédèrú rẹ̀, tì í lọ, ewu ni. Èyí tó kù ni Linux, ohun tí ìwé yìí sì dúró lé ni pé yíyan èyí tí wọn yóò lò kò yẹ kó jẹ́ ẹrù ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ni.

Linux jẹ́ ètò ìṣàkóso, ìyẹn ètò tó kọ́kọ́ ń jí nígbà tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà, tó sì ń pín iṣẹ́ láàárín ọpọlọ ẹ̀rọ, RAM, ìpamọ́ àti àwọn ètò yòókù. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki ní Finland, ló kọ kókó inú rẹ̀ lọ́dún 1991, wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ iṣẹ́ GNU tí Richard Stallman ti kéde lọ́dún 1983. Ẹnikẹ́ni ló lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kó sì tún un ṣe bó ṣe wù ú. Ìdí nìyí tí àkópọ̀ rẹ̀, ìyẹn oríṣiríṣi ẹ̀dà tí àwọn ènìyàn tò jọ, fi pọ̀ lọ jàra, tí yíyan ọ̀kan nínú wọn fi ń sú ènìyàn. Debian bẹ̀rẹ̀ ní 1993, láti ara rẹ̀ ni Ubuntu ti jáde ní 2004, láti ara Ubuntu ni Linux Mint àti Lubuntu sì ti yọ.

Òkìkí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yàn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣì í. Òkìkí Ubuntu kàn ju ti ìyókù lọ, ṣùgbọ́n ojú-iṣẹ́ GNOME tó wà lórí rẹ̀, ìyẹn àwọn fèrèsé, àwòrán àti àtẹ tí ojú ń rí, wúwo fún ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ kò tó 4 GB. RAM ló yẹ kó pinnu. Òun ni ààyè tí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ń gbé, ó sì dà bíi tábìlì télọ̀: bí aṣọ bá pọ̀ ju tábìlì lọ, ilẹ̀ ni ìyókù ń bọ́ sí, télọ̀ á sì máa bẹ̀rẹ̀ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Háàdì dísìkì ni ilẹ̀ yẹn, ìdí sì nìyí tí ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ ti kún fi ń falẹ̀, tí iná dísìkì rẹ̀ á máa ṣẹ́jú láìdáwọ́ dúró.

Lórí òṣùwọ̀n yìí, ẹ̀rọ tó bá ní RAM 4 GB sókè yẹ fún Linux Mint tó ń lo Xfce, ojú-iṣẹ́ tí kò wúwo, tí ẹni tó ti lo Windows 7 rí kò sì ní ṣìnà nínú rẹ̀, nítorí bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lápá òsì níbi tó ti mọ́ ọwọ́ lára. Mint 22, tó jáde ní 2024, yóò máa gba àtúnṣe títí di 2029. Ẹ̀rọ 2 GB ni ti Lubuntu tàbí Debian tó ń lo LXQt, ojú-iṣẹ́ fífúyẹ́ mìíràn. Nínú àwọn méjèèjì, Debian ló dára jù fún ilé-ẹ̀kọ́, nítorí ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà ọlọ́jọ́ pípẹ́ Lubuntu, nígbà tí ti Debian ń tó ọdún márùn-ún bí wọ́n bá ka àfikún ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká pẹ́ńpẹ́ tó jáde ní nǹkan bí ọdún 2008, irú èyí tó ní Intel Atom N270 àti RAM 1 GB, ọ̀ràn tiwọn yàtọ̀: 32-bit, ìyẹn irú àtijọ́, ni ọpọlọ wọn, Ubuntu kò sì ṣe ẹ̀dà irú rẹ̀ mọ́, Debian 13 ti 2025 náà kò sì ní ohun tí wọ́n lè fi gbé e sórí wọn. antiX 23, tí wọ́n kọ́ lórí Debian 12, tó lè fi 512 MB ṣiṣẹ́, ló bá wọn mu.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀ jẹ. Ohun tó wúwo jù nínú kọ̀ǹpútà lónìí ni bráwúsà, ètò tí wọ́n fi ń wo ayélujára, kò sì sí Linux kankan tó lè sọ ọ́ di fúyẹ́ lórí 1 GB. Ẹni tó bá ní ó wà, ọjà ló ń tà. Níbi tí owó díẹ̀ bá wà, àfikún RAM àti SSD, ìyẹn ìpamọ́ tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà, nítorí èrè wọn ju ti àkópọ̀ èyíkéyìí lọ.

Kì í kúkú ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ló nílò ayélujára. Láti 2015 ni àjọ JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe gbogbo ìdánwò UTME, ìyẹn ìdánwò àbáwọlé sí yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe é láìfọwọ́ kan máòsì: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S láti fi ìdáhùn ránṣẹ́, R bí ọkàn bá yí padà. Ọmọ tí kò tẹ bọ́tìnnì rí kó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò wà nínú ìnira tí kò tọ́ sí i, ẹ̀rọ Atom tí wọ́n ti kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù sì tó láti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. LibreOffice, tó ń ṣí ìwé tí wọ́n fi Word kọ, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ jù lọ Linux, bí olùkọ́ bá lọ sí ètò kíbọ́ọ̀dù, tó wo abẹ́ Nàìjíríà, yóò bá àtẹ Yorùbá níbẹ̀ pẹ̀lú ti Haúsá àti Ígbò, kò sì ní ra nǹkan kan kó tó kọ ẹ àti ọ tó ní àmì nísàlẹ̀.

Àwọn alátakò máa ń tọ́ka sí Munich ní Jámánì, ìlú tó gbé nǹkan bí 15,000 kọ̀ǹpútà ìjọba sórí Linux nínú ètò LiMux, tó parí rẹ̀ ní 2013, tí ìgbìmọ̀ ìlú sì dìbò ní 2017 pé kí wọ́n padà sí Windows. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tó yẹ kí wọ́n fi ojú kékeré wò, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ìlú ńlá, tó kún fún ètò àkànṣe tí wọ́n kọ fún Windows, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́. Ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà ló bá ti ibí mu: KITE, ilé-iṣẹ́ ìjọba níbẹ̀, ló ń ṣe àkópọ̀ kan ṣoṣo láti ara Ubuntu fún ilé-ẹ̀kọ́, òun náà ló sì ń dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀. Ibi tí ètò kan bá jẹ́ ti Windows nìkan, kí wọ́n ya ẹ̀rọ méjì mẹ́ta sọ́tọ̀ fún un, kí wọ́n má sì so wọ́n mọ́ ayélujára.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ka ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀, kí wọ́n pín wọn gẹ́gẹ́ bí RAM wọn ti tó, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà àwọn àkópọ̀ náà pa mọ́ sí olú-ọ́fíìsì, nítorí fáìlì Mint ń lọ bíi 3 GB, kò sì bójú mu kí olùkọ́ máa fi dátà ara rẹ̀ wà á. Kí wọ́n tó pa ohunkóhun rẹ́ lórí dísìkì, kí onímọ̀ ẹ̀rọ kọ́kọ́ tan Linux láti orí fláàṣì (bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ fún un sábà máa ń jẹ́ F12 lórí Dell àti F9 lórí HP), kó wò ó bóyá Wi-Fi ń mú, bóyá ohùn ń jáde, bóyá ẹ̀rọ ń jí padà lẹ́yìn tí wọ́n bá pa ìdérí rẹ̀ dé. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀ fún oríṣi ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí ilé-ẹ̀kọ́ ní Ọ̀ṣun má baà tún máa wá ojútùú tí ti Ògùn ti rí. Kí wọ́n sì yọ nínú owó tí wọ́n yà sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà tuntun, kí wọ́n fi ra RAM àti SSD, kí wọ́n fi gba onímọ̀ ẹ̀rọ kan ó kéré tán sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan.